Bàálù Ogun Ń Jó, Èmi Ń Ti Àga

Kí n tó kúrò ní Abẹ́òkúta, ohun tí mo mọ̀ nípa òfuurufú kò ju pé ibẹ̀ ni òjò ti ń rọ̀, àti pé àwọn bàálù tó ń lọ sí Èkó máa ń gba orí ilé wa ní Ìjẹmọ̀ kọjá láì kí wa. Ní ti bàálù ogun, àdúrà wa ni pé kó máa wà níbi tó wà. Ní ilẹ̀ wa, bí ohun ìjà ìjọba bá ti ń pariwo, ọlọ́gbọ́n kì í bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàtà rẹ̀ ló ń wá. Ìgbà tí mo dé ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo tó mọ̀ pé àwọn èèyàn kan wà láyé tó máa ń gbé àga àti tíì jáde lọ wo bàálù ogun tó ń jó sí orin rọ́ọ̀kì, tí wọ́n á sì gbé ọmọ wọn lé èjìká kí ó lè rí ohun tí wọ́n fi ń pa ọmọ ẹlòmíì.

Mo kàwé. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí kò sẹ́ni tó bi mí léèrè níbí. Fílọ́sọ́fì ni mo kà ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ tó máa ń jẹ́ kí èèyàn mọ ìdí tí ebi fi ń pa á. Lẹ́yìn náà mo ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Èkó, tí mò ń kúrò ní Abẹ́òkúta kí ilẹ̀ tó mọ́, tí mò ń padà dé lẹ́yìn tí Alhaja, ìyá mi, bá ti kírun alẹ́ tán. Abọ́ tánganran ni Alhaja ń tà ní Ṣàpọ́n. Nígbà tí físà òṣìṣẹ́ ìtọ́jú bọ́ sí mi lọ́wọ́, wọ́n sọ fún gbogbo Ìjẹmọ̀ pé ọmọ àwọn ń lọ ṣe ọ̀gá ní ọsibítù. Wọn kò sọ pé ìdajì ṣọ́ọ̀bù àwọn ti di ti ẹlòmíì nítorí ìrìn àjò náà.

Iṣẹ́ tí mo bá nílé ìtọ́jú kan níbẹ̀ ni kí n máa wẹ àwọn arúgbó, kí n máa wọṣọ fún wọn, kí n sì máa fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ. N kò ráhùn. Ọmọ tí wọ́n bí sí ilé tí ìyá àgbà wà kì í sá fún arúgbó. Ohun tó fẹ́ pa mí ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìlú náà dákẹ́ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tí kò fẹ́ràn. Ní Láfẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta wa, bí èèyàn bá dákẹ́ díẹ̀, ẹnì kan á bi í pé kí ló ṣe é. Níbí, bí mi ò bá ti sí níbi iṣẹ́, ọjọ́ á gorí ọjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀, àfi ẹ̀rọ tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù, tó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni Alhaja máa ń pè. Ìbéèrè wọn kì í yí padà: ṣé mo ti jẹun, ṣé mò ń kírun, ta ló wà nílé pẹ̀lú mi. Mo máa ń ní mo ti jẹun, mò ń kírun, àwọn ọ̀rẹ́ mi wà nílé. Ọ̀kan nínú wọn máa ń jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà ní gbogbo ìgbà.

Bàbá kan wà nínú ilé ìtọ́jú náà tí wọ́n ń jẹ́ Dẹ́rẹ́kì. Nígbà èwe wọn, àwọn ni wọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì bàálù ogun ṣe. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, iyè wọn ti ń ra, ẹsẹ̀ wọn kò sì gbé wọn dáadáa mọ́. Wọ́n lè gbàgbé pé àwọn ti jẹun àárọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé ẹ́ńjìnnì kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ gbogbo, wọ́n á ní kí n bá àwọn tan fídíò bàálù sórí tẹlifíṣàn, kí n fi orin rọ́ọ̀kì sí i, kí n sì gbé ohùn rẹ̀ sókè.

Mo kọ́kọ́ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi. Àwọn ọkùnrin tí irun wọn gùn ju ti ìyàwó wọn lọ ń lu gìtá bí ẹni tó ń pa ejò. Bàálù tí owó rẹ̀ tó tún ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta ṣe ń ta òkìtì lókè. Mo ní owó ti pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí. Ṣùgbọ́n bàbá náà kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wò ó. Wọ́n á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn sílẹ̀ lórí itan bíi bàálù tó sinmi. Bí ìlù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki, ọwọ́ náà á máa gòkè, á máa gbọ̀n. Bí gìtá bá ké, ọwọ́ náà á dúró lókè, bí ẹni tó dé ibì kan tó wá gbàgbé ohun tó wá ṣe. Lẹ́yìn náà á já bọ́.

Wọ́n ní, “Ìlù ló ń gbé e gòkè. Èmi tí mo tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ló ń sọ fún ẹ.”

Wàhálà mi ni orúkọ wọn. Ní ilé ìtọ́jú yẹn, ara ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lẹ orúkọ tí ẹni tó wà níbẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa pe òun sí. Ti bàbá yìí ni Dẹ́rẹ́kì. Kì í ṣe Ọ̀gbẹ́ni kankan, kì í ṣe Bàbá kankan, Dẹ́rẹ́kì lásán, bí ẹni pé èmi àti wọn jọ kọlà lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n sì dàgbà ju bàbá mi tó ti kú lọ. Mo ṣe ohun tí ọmọ gidi máa ń ṣe: mo ń pè wọ́n ní Dádì. Líńdà, ọmọbìnrin wọn, lọ bá mánijà. Ó ní bàbá òun kì í ṣe bàbá mi, pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé, òun sì ni. Mánijà kìlọ̀ fún mi.

Àǹtí Búkọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tá a jọ ń ṣiṣẹ́, fi mí rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n máa ń pe gbogbo arúgbó ibẹ̀ lórúkọ bí ẹni ń pe adìyẹ wálé.

Wọ́n ní, “Ẹ̀gbá, orúkọ lásán ni. Kí lò ń sá fún bí ìyàwó tuntun?”

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn ni mo gbé lọ sílé. Ìyàwó ilé kì í ṣáà pe ẹbí ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Bí ó bá délé ọkọ, á wá orúkọ àdídùn fún oníkálukú wọn, á pe ọ̀kan ní Akọ̀wé bí kò tilẹ̀ mọ̀wé, á pe èkejì ní Ìbàdí-àrán. Gbogbo ilé á dùn. Èmi náà rò ó jinlẹ̀, mo fi gbogbo fílọ́sọ́fì tí mo kà sí i, mo wá pinnu pé láti ọjọ́ náà lọ, bàbá yìí á máa jẹ́ Kápútẹ́nì.

Ojú bàbá pọ́n. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe kápútẹ́nì. Wọ́n ní kápútẹ́nì ni àwọn ọmọ olówó tó máa ń gun bàálù lọ, tí wọ́n á bà á jẹ́, tí àwọn á wá fi òru tún un ṣe. Líńdà wà níjókòó. Ó tún lọ bá mánijà, ó ní mò ń fi bàbá òun ṣe ẹlẹ́yà, mò ń fún un ní oyè tí wọn kò fi jẹ ẹ́ rí. Orúkọ àdídùn tó ń sọ ìyàwó di ààyò ní Ìjẹmọ̀, òun ló sọ mí di ọ̀tá níbí.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò pè wọ́n ní ohunkóhun mọ́. Bí mo bá fẹ́ kí wọ́n wò mí, mà á wúkọ́. Bí wọn kò bá gbọ́, mà á lọ dúró níwájú wọn bí òpó iná. Líńdà ní èyí ló tilẹ̀ burú jù, pé mò ń ṣe sí bàbá òun bí ẹni pé àga ìjókòó ni.

Mánijà pè mí. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò tilẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀. Ó rán mi létí pé iléeṣẹ́ náà ló dúró fún mi lọ́dọ̀ ìjọba, pé àkókò ìwé ìgbélùú mi ti fẹ́ tán, pé ọwọ́ òun ló wà bóyá wọ́n á tún dúró fún mi. Ó ní àwọn bàálù ogun ń bọ̀ wá ṣeré létíkun ní Sátidé, pé èmi ni mo máa ti àga onítáyà bàbá lọ, Líńdà á sì wà níbẹ̀. Ohun tí Líńdà bá sọ fún òun lẹ́yìn náà lòun máa tẹ̀lé. Bó bá ní òun kò fẹ́ mi mọ́, kí n máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

Ó ní, “Kò le. Tẹ̀ lé mi: Dẹ́rẹ́kì.”

Mo ní, “Ọ̀gbẹ́ni Dẹ́rẹ́kì.”

“Rárá. Dẹ́rẹ́kì.”

Mo lanu, atẹ́gùn ló jáde.

Ẹni tí kò bá ti ilé wa wá á rò pé agídí ni. Orúkọ bàbá bàbá mi, ọjọ́ tí wọ́n lẹ àwòrán wọn mọ́ ògiri fún àdúrà fídáù ni mo tó mọ̀ ọ́n. Títí di ọjọ́ yẹn, Bàbá ni wọ́n ń jẹ́. Mo dúró níwájú ògiri náà, mo ń ka orúkọ wọn bí ẹni ń ka orúkọ àjèjì, ó sì yé mi pé wọ́n ti kú lóòótọ́, nítorí ẹnikẹ́ni lè pè wọ́n báyìí. Èyí ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún mánijà. Mo wò ó, mo wo aago ara ògiri rẹ̀, mo ní mo gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bá bàbá tan fídíò wọn. Mo dúró lẹ́yìn àga. Mò ń ronú Alhaja, mò ń ronú bí mà á ṣe gba Ṣàpọ́n kọjá, tí ẹni tó ní ìdajì ṣọ́ọ̀bù yẹn á jókòó síbẹ̀, á ní, “Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá ọsibítù.” Ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bàálù náà nàró, ó ń gun òfuurufú bí ẹni ń gun àgbọn, gìtá ń ké bí ohun tí wọ́n ń fà ya, gbogbo irun ara mi sì dìde. Mi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mú rìmóòtù, mo tún gbé ohùn rẹ̀ sókè. Nínú ìlú tó dákẹ́ yẹn, mo ti rí ohun kan tó ń pariwo tó àyà mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ọ nínú yàrá mi. Mà á dùbúlẹ̀, mà á wo òkè àjà, mà á jẹ́ kó gbé mi gòkè. Alhaja pè lọ́jọ́ kan nígbà tó ń lọ lọ́wọ́.

Wọ́n ní, “Ariwo kí nìyẹn?”

Mo ní orin ni.

Wọ́n ní, “Orin? Ta ni wọ́n ń nà?”

Sátidé dé. Oòrùn ràn, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ kà sí iṣẹ́ ìyanu, wọ́n sì ti bọ́ra sílẹ̀ kó má baà yí ọkàn padà. Etíkun kún. Wọ́n ti so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ àwọn òpó lọ títí, ọkùnrin kan sì ń polówó àwọn bàálù náà bí ẹni ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Líńdà jókòó lórí àga tó ṣeé ká, ó wọ awò dúdú, kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbé àga bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀nà tí wọ́n fi òkúta tẹ́. Iwájú wa níbẹ̀ ni àtẹ̀gùn òkúta kan tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú iyanrìn. Mo ti búrééki àga náà pa. Orúkọ wọn wà lẹ́nu mi bí iṣu gbígbóná: kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu dànù.

A ò gbọ́ bàálù àkọ́kọ́ kí ó tó dé. Ẹ̀yìn wa ló gbà yọ, láti orí àwọn ilé, ó sì ti kọjá lọ sórí òkun kí ohùn rẹ̀ tó já lù wá. Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ilẹ̀. Èmi tí mi ò tíì dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni látìgbà tí mo ti kúrò nílé, bàálù ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àyà mi wà lórí òkúta, àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́.

Wọ́n ní, “Má tijú. Bó ṣe máa ń kí àlejò nìyẹn.”

Líńdà kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí ẹni ń wo nǹkan tí òun á ròyìn.

Orin bẹ̀rẹ̀. Fídíò kì í ṣe nǹkan kan. Ẹni tó rí àwòrán iyán kò tíì jẹun. Bàálù méjì dojú kọ ara wọn lórí omi, wọ́n ń bọ̀ bí ẹni tó ti gbà láti kú, ìlù ń lé wọn. Nígbà tí a rò pé ó ti parí, wọ́n dojú ìyẹ́ kọ òkè, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá bí abẹ́rẹ́ méjì, gbogbo etíkun sì mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan wá yà kúrò. Ó na imú sí ọ̀run, ó ń lọ, èéfín funfun ń tẹ̀ lé e. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí etí ń gbọ́. Eyín ló ń gbọ́ ọ, eegun ló ń gbọ́ ọ. Gìtá ké. Bàálù náà dúró sójú kan lókè pátápátá, kò lọ, kò bọ̀. Mo ké. Mi ò mọ ohun tí mo ń ké. Omi ń dà lójú mi, mi ò rántí ìwé ìgbélùú, mi ò rántí Líńdà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yẹn, mi ò gbọ́ ara mi.

Nígbà tó já bọ́ bí ọwọ́ bàbá ṣe máa ń ṣe, tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi láti wo ojú wọn, àga ṣófo.

Wọ́n ti dìde. Bí wọ́n ṣe ṣe é, mi ò mọ̀. Ìlù ló gbé wọn. Wọ́n ti rìn kọjá mi, orí wọn wà lókè, ọwọ́ wọn kan nà bí ìyẹ́, ẹsẹ̀ wọn sì kù díẹ̀ kó dé etí àtẹ̀gùn òkúta náà. Líńdà gbé fóònù sókè, ó ń ya òfuurufú. Èèyàn ti wọ àárín èmi àti wọn.

Mo ké, “Dádì!”

Àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan yíjú. Bàbá kò yíjú. Líńdà nìkan ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, ohùn mi kì í sì í ṣe ohùn rẹ̀. Mo tún ké e, bàálù mìíràn gba orí wa kọjá, ó gbé e lọ. Wọ́n gbé ẹsẹ̀.

“Dẹ́rẹ́kì!”

Kò sí Ọ̀gbẹ́ni níwájú rẹ̀. Ó jáde lẹ́nu mi níhòòhò, ó pariwo ju bí mo ṣe rò pé mo lè pariwo lọ, bí ìyá tó ń pe ọmọ kúrò lójú títì. Wọ́n dúró. Ẹsẹ̀ wọn kan ṣì wà lófuurufú. Wọ́n yíjú padà, ojú wọn sì dà bí ojú ọmọ tí wọ́n pè wálé nígbà tí eré ṣì dùn. Mo já àárín èrò kọjá, mo dì wọ́n mú. Líńdà dé ìhà kejì wọn, ó ti bọ́ awò rẹ̀. A gbé wọn padà sórí àga.

Nígbà tó yá, Líńdà ní, “O mọ̀ ọ́n pè. Kí ló dé tí o kò fi ń pè é?”

Mo ní ní ilé wa, orúkọ àgbàlagbà, a kì í ṣàdédé… Bàálù tún dé. Ó fi ọwọ́ sí etí, ó ní kí n tún un sọ. Mo ní kò sí nǹkan.

Mánijà buwọ́ lu ìwé mi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Líńdà ti sọ fún un pé èmi àti bàbá òun ti di ọ̀rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo wọ yàrá bàbá, mo ní, “Dẹ́rẹ́kì, ṣé ẹ sùn dáadáa?” Wọ́n ní àwọn sùn. Mo ṣí fèrèsé. Mo ti mú omi wá kí n tó rántí pé orúnkún mi kò tẹ̀ nígbà tí mo kí wọn; tẹ́lẹ̀, fúnra rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí mo bá ń kí àgbà. Mo dúró, mo ń retí rẹ̀, bí ẹni ń retí kí ẹsẹ̀ tó kú jí. Àǹtí Búkọ́lá gba ẹnu ọ̀nà kọjá, wọ́n gbọ́ mi, wọ́n ní, “Ẹ̀gbá ti délé.” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mo pe Alhaja, mo sọ pé wọ́n ti tún ìwé mi ṣe. Wọ́n ní Alhamdulillahi, wọ́n sunkún, wọ́n pe àwọn ará ilé jọ. Mò ń dá ohùn wọn mọ̀ níkọ̀ọ̀kan bí gbogbo wọn tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ ní títì. Alhaja ní kí gbogbo wọn dákẹ́, pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí wa, fẹ́ ṣàdúrà fún mi. Wọ́n gbé fóònù fún wọn.

“Ọmọ mi,” ni ohùn àgbàlagbà náà wí.

Mo lanu láti kí wọn. Orúkọ wọn ló kọ́kọ́ wá, orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n, tí mo mọ̀ tí mi ò sì pè rí láyé mi. Ó ti dé orí ahọ́n mi, ó rọrùn, ó fẹ́ bọ́. Mo fi eyín há a mọ́ ẹnu. Mi ò rí òmíràn tí mà á sọ dípò rẹ̀.

Wọ́n ní, “Hẹ́lò? Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?”

Mo ní, “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, sà.”